Ẹ Bi Rìwáyà: Ẹ́ńjìnnì kan náà, epo ò dọ́gba

Bàbá Rìwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí. Oǹdó ni mò ń gbé, Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni, nítorí náà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ojú títì ni mò ń wà. Matrix ọdún 2005 ni mọ́tò mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọ́ni, tí òun náà ń ti Oǹdó wá, Corolla 2005 ni tirẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Bàbá, ẹ wá wo ohun tójú mi rí. Lọ́jọ́ kan, iná epo tàn nínú mọ́tò àwa méjèèjì, a jọ yà sí ilé epo kan náà, a ra lítà 30 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, a sì dá trip, nọ́ńbà tó ń ka bí mọ́tò ṣe rìn tó, padà sí òdo. Nígbà tí iná máa fi tún tàn, tèmi ka 205. Tirẹ̀ ka 355! Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sáré jù. Mo ti jókòó tì í rí, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ máa ń wà ní 100, tèmi kì í kọjá 60, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tá a bá jọ jáde láàárọ̀, ẹ̀yìn ara wa la máa ń wà títí a ó fi wọ Àkúrẹ́. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì àti pọ́ńpù epo, ó dá ₦180,000 lé mi. Bàálé mi ní kí n kúkú ta mọ́tò náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Tíṣà, Yaba, Oǹdó

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú ìrìn o. Ẹ má tíì fún mẹkáníìkì ní kọ́bọ̀, ẹ sì bá mi bẹ bàálé yín kí wọ́n má tíì lẹ ìwé mọ́ gíláàsì pé mọ́tò yìí wà fún títà. Ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, níbi tí ẹ ti ń fẹjọ́ eré sùn.

Ẹ tún un kà. Ẹ jọ ń jáde, ẹ̀yìn ara yín lẹ máa ń wà, ẹ sì jọ ń wọ Àkúrẹ́. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ tiyín ò kọjá 60, tiwọn wà ní 100. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọ̀rẹ́ yín á ti dé iléèwé, wọ́n á ti pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn tán, kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ jọ ń débẹ̀, eré kan náà lẹ̀ ń sá. Ohun tí kílọ́ọ̀kì yín méjèèjì ń kà ni ò dọ́gba. Máìlì ni tiyín ń kà, kìlómítà ni tiwọn ń kà. Máìlì kan ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ, 1.609 ni, bí ẹ bá fẹ́ ẹ géérégé. Tí tiyín bá ka 60, tiwọn á ka nǹkan bí 97.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo Matrix yín nìyẹn, Kánádà ni wọ́n ti lo Corolla ọ̀rẹ́ yín. Irú mọ́tò méjèèjì lè jọ wọ inú ọkọ̀ ojú omi kan náà wá, kí wọ́n jọ dúró sójú kan náà níbi tí wọ́n ti ń ta tòkúńbọ̀. Ẹni tó ń tà wọ́n ò ní sọ, torí kò sẹ́ni tó bi í. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣí. Kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Iléeṣẹ́ Toyota tó wà ní Cambridge, ní ẹkùn Ontario ní Kánádà, ni wọ́n ti to irú Matrix yín, àti èyí tí wọ́n tà fún ará Kánádà àti èyí tí wọ́n tà fún ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà ẹ lè rí 2 níwájú nọ́ńbà ṣáṣí, tó túmọ̀ sí pé Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, kí kílọ́ọ̀kì rẹ̀ sì máa ka máìlì. Corolla ọdún yẹn náà, òmíràn ti Cambridge wá, òmíràn ti Fremont ní California wá. Ojú kílọ́ọ̀kì eré ni kẹ́ ẹ wò. Nọ́ńbà ńláńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ṣé MPH (máìlì ní wákàtí kan) ni wọ́n kọ fún un àbí km/h (kìlómítà ní wákàtí kan)? Ti Amẹ́ríkà, MPH ló máa ń tóbi, km/h á wà ní kékeré nínú. Tí ojú bá ń dùn yín, ọ̀nà mìíràn wà: kí ẹ̀yin méjèèjì dá trip padà sí òdo lọ́la kẹ́ ẹ tó kúrò ní Oǹdó, kẹ́ ẹ sì kà á nígbà tẹ́ ẹ bá dé iléèwé. Tiyín á sún mọ́ 30, tiwọn á sún mọ́ 50.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. 205 yín, tá a bá sọ ọ́ di kìlómítà, 330 ni. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 355. Nínú gbogbo 150 tẹ́ ẹ rò pé wọ́n fi jù yín lọ, 25 péré ló kù. Lórí lítà 30 yẹn, ẹ̀yin ń rí kìlómítà 11 nínú lítà kan, wọ́n ń rí nǹkan bí 11.8. Ká ní ₦1,000 ni lítà (mo mú un bẹ́ẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn ni, ilé epo kálukú ló mọ iye tó ń tà), kìlómítà kan ń ná yín ní ₦91, ó ń ná wọn ní ₦84.50. Àlọ àtàbọ̀ yín lóòjọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní kìlómítà 96, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ fi nǹkan bí ₦3,000 ná jù wọ́n lọ lọ́sẹ̀ kan. Owó ni o. Ṣùgbọ́n ₦180,000 tí mẹkáníìkì ń bèèrè, á ju ọdún kan lọ kẹ́ ẹ tó rí i padà, ìyẹn tó bá lè tún mọ́tò yín ṣe débi tí epo rẹ̀ á fi bá ti Corolla dọ́gba. Kò sì lè ṣe é.

Kó tó di pé ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, irú lẹ́tà yìí ò wọ́pọ̀. Ní ilé epo tó ń tà á ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí, lítà kan ò tó ₦200. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ènìyàn di onímọ̀ ìṣirò, mi ò sì lè sọ pé ìyẹn burú.

Ohun kan ṣì wà nínú ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà wọ̀n ọ́n tí mi ò fara mọ́. Iná epo kì í ṣe òṣùwọ̀n. Nínú mọ́tò kan, epo tó kù kí iná tó tàn lè fi lítà méjì tàbí mẹ́ta ju ti èkejì lọ, àgàgà nínú mọ́tò tó ti tó ogún ọdún. Tẹ́ ẹ bá tún dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iná á tàn kíá, tẹ́ ẹ bá dé ibi tó tẹ́jú, á kú. Ohun tó dájú ni kẹ́ ẹ kún táńkì, kẹ́ ẹ dá trip padà sí òdo, kẹ́ ẹ wà á bẹ́ ẹ ṣe ń wà á, kẹ́ ẹ padà lọ sí ilé epo yẹn kan náà, ní pọ́ńpù yẹn kan náà, kẹ́ ẹ tún kún un. Lítà tí pọ́ńpù bá kọ lẹ́ẹ̀kejì ni epo tẹ́ ẹ jó. Ẹ fi pín kìlómítà tẹ́ ẹ rìn. Ibi tí pọ́ńpù bá ti já fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń ta epo máa mi mọ́tò kó lè kó lítà kan sí i. Mo ní kó jẹ́ pọ́ńpù kan náà torí gbogbo wa la mọ̀ pé lítà ibì kan kì í ṣe lítà ibòmíràn. Ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí ọjọ́ kan òjò lè rọ̀, ọjọ́ kan ẹ lè gbé ìrẹsì méjì sí búùtù.

Kìlómítà 25 tó kù wá ńkọ́?

Ẹ́ńjìnnì kan náà ni lóòótọ́: 1.8, èyí tí Toyota ń pè ní 1ZZ-FE, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Matrix ga ju Corolla lọ, ó sì wúwo jù ú lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gé wálẹ̀ ṣánṣán, kò rọra fẹ̀yìn lélẹ̀ bíi ti Corolla. Afẹ́fẹ́ ló ń gba owó ìyẹn lọ́wọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní kìlómítà 80 bọ́ sí 100, eré yín fi ìdámẹ́rin lé sí i, ṣùgbọ́n ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń tì yín sẹ́yìn fi ohun tó ju ìdajì lọ lé sí i. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ mọ́tò méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn ní ìgboro, tó fi jẹ́ ọ̀nà Oǹdó ló ń tú u síta. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in kù láìná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yín wà ní 50, máìlì o, kó tó nǹkan bíi kìlómítà 80. Ẹ jí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, ó tán. Irin tí wọ́n fi ń dè ẹrù mọ́ orí òrùlé, tẹ́ ò bá gbé nǹkan kan lé e, ẹ tú u. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ mọ́tò: láàárín 2003 sí 2006, Toyota ṣe Matrix tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Tẹ́ ẹ bá rí irin gígùn tó ń yí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, irú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí rìwáyà tàbí mẹkáníìkì tó lè mú un jẹ epo bíi Corolla.

Lẹ́yìn náà, táyà. Ọ̀nà méjì ló ń gbà tàn wá jẹ. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti afẹ́fẹ́: tó bá kéré, táyà á pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fà á bí ẹni ń wọ́ àpò gàrí. Sítíkà kan wà lára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà tó sọ iye tó yẹ. Lára irú mọ́tò yín méjèèjì, ó máa ń wà ní nǹkan bí 30 sí 33. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Ẹ ra géèjì tiyín. Mi ò bá àwọn fọ́kánáísà jà, ṣùgbọ́n géèjì àwọn kan nínú wọn ti já bọ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó bá wù ú ló ń kà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á kàn fi ẹsẹ̀ ta á, wọ́n á ní ó ti tó.

Ọ̀nà kejì ni kò hàn síta. Kílọ́ọ̀kì mọ́tò ò mọ ibi tẹ́ ẹ dé. Iye ìgbà tí táyà yí ló ń kà, tó wá ń fi ìwọ̀n táyà tí wọ́n gbé mọ́tò náà jáde pẹ̀lú rẹ̀ ṣírò. Lára irú Matrix yín, 205/55R16 ló wọ́pọ̀. Tó bá jẹ́ 205/60R16 ni wọ́n tà fún yín, torí òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, táyà yín fi nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tóbi jù. Nígbà tí ìṣirò wa bá sọ pé 330, ẹ ti rin 340. Nínú 25 tó ń dùn yín, 10 lè jẹ́ èyí tẹ́ ẹ rìn, tí kílọ́ọ̀kì kò kà fún yín. Nítorí náà ẹ ka nọ́ńbà ara táyà yín, kẹ́ ẹ ka ti ọ̀rẹ́ yín náà.

Èyí tó kàn yìí, inú máa ń bí mi tí mo bá dé orí rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì. Àwọn mẹkáníìkì kan gbà pé ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún, pé ooru tiwa ti tó. Mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á yọ sọnù nìyẹn, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́ lé e. Oòrùn Àkúrẹ́, ká tiẹ̀ sọ pé oṣù Kejì ni, kò gbóná tó ìdajì ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n Celsius 80 kí epo tó lè jó dáadáa. Ibẹ̀ ni tẹ́mósítáàtì ti ń ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù ní rédíétọ̀. Kó tó dìgbà náà, ó ti ilẹ̀kùn pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ìgboro, ẹ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kọjá Bọ́lọ́runduró, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu rédíétọ̀, omi á tutù jù, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sí i ni, á sì máa fi epo kún epo. Ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru yín. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kó ti dúró sí àárín tàbí ìsàlẹ̀ àárín díẹ̀, kó má mira mọ́. Tó bá ń gòkè ní ìgboro, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ C lójú títì, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn, tàbí kó ti bàjẹ́ sí ṣíṣí. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mẹkáníìkì kà fún yín.

Ẹgbẹ́ tèmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rìwáyà ló ń so fáànù rédíétọ̀ ní tààràtà mọ́ iná, tó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, fáànù ti ń fẹ́, títí wọ́n á fi pa á. Wọ́n á ní kó má baà gbóná ni. Fáànù tó ń fẹ́ láìsinmi, iná ló ń jẹ, àtàńtà ló ń pèsè iná náà, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí àtàńtà. Ẹ mọ ibi tí owó ti ń jáde.

Ní ti ohun tí mẹkáníìkì yín dárúkọ: pọ́ńpù tó ń kú, epo tó ń gbé wá ló máa ń kéré, kì í pọ̀. Mọ́tò á máa fà, kò ní sáré, kò ní mu epo jù. Nọ́sù lè jò lóòótọ́, púlọ́ọ̀gì sì lè gbó, ṣùgbọ́n ìyẹn á mú kí mọ́tò máa gbọ̀n, tàbí kí epo máa rùn níbi sàléńsà, tàbí kí iná check engine tàn. Ẹ ò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lára mọ́tò onínọ́sù báyìí, agbára ni ó ń dín kù ju epo lọ, torí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ni kọ̀ǹpútà máa ń fi wọn epo. Ẹ kọ́kọ́ san owó kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ mọ́tò wò. Kí wọ́n wo sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti iwájú, èyí tó wà ṣáájú kátálíìsì, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo pọ̀ tàbí ó kéré. Tó bá ń purọ́, epo á máa ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí Matrix yín sì ń rin kìlómítà 11 tàbí 11 àtààbọ̀ nínú lítà kan, ibi tó yẹ kó wà ló wà. Ẹ sọ fún bàálé yín pé mo kí wọn.

•

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ra mọ́tò mi àkọ́kọ́, Camry Muscle 2007. Wọ́n fi méjì hàn mí ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀kan jẹ́ púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èkejì V6, ìyẹn púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. V6 yẹn fi ₦400,000 rọjú ju èkejì lọ, ó sì mọ́ jù ú lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní V6 á fi epo jẹ mí run. Ṣé òótọ́ ni?
Àbúrò yín, Ọ̀wọ̀

Òótọ́ díẹ̀, àsọdùn púpọ̀. Nínú ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún mọ́tò méjèèjì, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.4, ń rin nǹkan bíi máìlì 24 lórí gálọ́ọ̀nù wọn kan, V6, 3.5, ń rin nǹkan bí 22. Gálọ́ọ̀nù wọn jẹ́ lítà 3.785, nítorí náà kìlómítà 10.2 àti 9.35 nínú lítà kan ni. Tó o bá ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù, V6 á fi nǹkan bíi lítà 9 mu jù. Ní ₦1,000 lítà, ₦9,000 lóṣù. ₦400,000 tó o máa fi pamọ́ á san ìyẹn fún ọdún mẹ́ta ó lé. Sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìwọ̀n Amẹ́ríkà ò mọ ẹsẹ̀ rẹ, ṣá. 2.4 yẹn ní agbára ẹṣin 158, V6 ní 268. Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, tí 268 wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ojú títì Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ sì dá páropáro... ibẹ̀ ni ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń jẹ́ òótọ́. Ohun tó sì jẹ́ kí V6 rọjú gan-an ni àtúnṣe. Púlọ́ọ̀gì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, a ní láti tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kúrò ká tó lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bèèrè pẹ̀lú pé ṣé wọ́n ti pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì kékeré tó jẹ́ rọ́bà lápá kan lára V6 ìgbà yẹn, ó máa ń bẹ́. Irin ni Toyota fi rọ́pò rẹ̀.

Má sì rò pé 2.4 bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ́ńjìnnì Camry oní-2.4 láàárín 2007 sí 2009, òmíràn nínú wọn máa ń jẹ ọ́ìlì gidi. Fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ kó o tó san owó. Tí wọ́n bá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kún un ni, padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó o tún fà á yọ. Tèmi ni pé kó o mú èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dúró.

•

Ọ̀gá, dẹ́rẹ́bà ni mí, Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ni mò ń ná. Tí mo bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń já jíà sí neutral kí mọ́tò máa yí lọ fúnra rẹ̀ kí epo lè dín kù. Ọ̀kan nínú àwọn èrò mi ní epo gan-an ni mò ń fi ṣòfò. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Èrò yín ló jàre. Nígbà tó jẹ́ mọ́tò oníkabúrétọ̀ la ń wà, ọ̀rọ̀ yín ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mọ́tò onínọ́sù, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí jíà sì wà níbi tó yẹ kó wà, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà á rí i, á sì ti nọ́sù pa. Epo tó ń jó lásìkò náà, òdo ni. Bẹ́ ẹ bá já jíà, ẹ́ńjìnnì ò ní ohun tó ń yí i mọ́, ó ní láti jó epo kó má baà kú. Epo yẹn kéré, mi ò ní purọ́. Ohun tí kò kéré ni pé bíréèkì nìkan ló máa wá dá mọ́tò tó kún fún èrò dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìdànrè. Bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Ẹ fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá mi kí èrò yẹn.

•

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní tá a bá ra epo láàárọ̀ kùtù, lítà máa ń kún jù torí epo tutù. Ìyá mi ò gbà kí n ra epo lọ́sàn-án mọ́.
Ọmọ Màmá, Alágbàká

Epo máa ń wú tó bá gbóná, ìyẹn dájú: tí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Celsius 10 lé sí i, lítà 100 á di nǹkan bí 101. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni táńkì ilé epo wà, ooru ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Èrè ibẹ̀ ò tó iye tó o máa fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ lójú títì Ọba Adésidà, tí éésì ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó dúró sójú kan báyẹn lè jó nǹkan bíi lítà kan ní wákàtí kan. Ra epo nígbà tí kò bá sí èrò. Ìyá ni ìyá, má bá wọn jiyàn. Sọ fún wọn pé láàárọ̀ lo rà á.

•

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìkàrẹ́ nípa Sienna tó ń gbọ̀n tó bá dúró sójú kan: ẹ ò kọ ọdún mọ́tò náà, ẹ ò sì sọ bóyá éésì wà ní títàn nígbà tó ń gbọ̀n. Ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́.